Ẹni tó ń ṣe bhakti-yoga (fífi ìfẹ́ sin Ọlọ́run), ṣé ó ṣì lè máa gbé irin ní jíìmù? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀, ẹ bá mi dá sí i

Onirin_Epe

Ẹ kú iṣẹ́ o gbogbo ilé. Ẹ̀pẹ́ ni mo wà, mo ti ń gbé irin látìgbà tí mo wà ní sẹ́kọ́ńdìrì, ẹni tó bá máa ń gba Marínà ní ìdájí á ti rí èmi àtàwọn ọmọ jíìmù wa tá a ń sáré níbẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan ní Ìkòròdú ló mú mi lọ síbi tí wọ́n ti ń kọrin Hare Krishna (Krishna lorúkọ tí wọ́n ń pe Ọlọ́run níbẹ̀), oúnjẹ ni mo bá lọ kí n má parọ́, àmọ́ orin yẹn wọ̀ mí lára, mo gba ìlẹ̀kẹ̀ tulasi, igi mímọ́ ni wọ́n fi ń ṣe é, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi ka orúkọ Ọlọ́run. Ráùndì 16 ni mò ń lé lójúmọ́ báyìí, ìlẹ̀kẹ̀ 108 ni ráùndì kan fún ẹ̀yin tí ò mọ̀, kì í pé lójoojúmọ́ ṣùgbọ́n mo wà lẹ́nu ẹ̀.

Wàhálà ibẹ̀ nìyí. Àgbà kan níbi tá a ti ń kọrin, mi ò ní dárúkọ wọn, wò mí láti òkè délẹ̀ lọ́jọ́ Sọ́ńdè kan, wọ́n pè mí ní prabhu, bí a ṣe ń pe ọkùnrin níbẹ̀, wọ́n ní "prabhu, ara tó máa jẹrà lẹ ń kẹ́ tó báyìí?" Wọ́n ní ẹran ara ni ẹni tó ń lọ jíìmù ń sìn, pé wákàtí tí mo fi ń gbé irin, kí n yáa máa fi ka ìlẹ̀kẹ̀. Àwọn ọmọ jíìmù náà ò jẹ́ n sinmi, wọ́n ní látìgbà tí mo ti fi ẹran àti ẹja sílẹ̀ ni apá mi ti ń joro. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó, kéèyàn máa gbé Ẹ̀pẹ́ kó ní òun ò jẹ ẹja, ìyá mi ti ń bi mí pé ta ni mo ṣẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣe méjèèjì pọ̀, báwo lẹ ṣe ń ṣe é? Èwo ló ń ṣáájú láàárọ̀? Oúnjẹ wo lẹ ń jẹ tí ara fi ń gbé e? Àbí kí n kúkú fi irin sílẹ̀?

Dasa_Ijede

Prabhu, àgbà yẹn ò ṣì sọ o. Bhagavad-gita, ìwé mímọ́ wa, orí kejì ẹsẹ 22, Krishna ní bí èèyàn ṣe ń bọ́ aṣọ tó ti gbó tó ń wọ tuntun ni ọkàn ṣe ń fi ara tó ti gbó sílẹ̀ tó ń wọ inú òmíràn. Ṣé ìdí aṣọ lẹ máa wà látàárọ̀ ṣúlẹ̀ ni? Srila Prabhupada tó dá ẹgbẹ́ Hare Krishna sílẹ̀ fúnra wọn kì í gbà fún àwọn tó ń torí ikùn pẹlẹbẹ ṣe yoga, wọ́n máa ń sọ ọ́ ní gbangba pé eré ìdárayá lásán ni, kì í ṣe ibi tí yoga ń mú èèyàn lọ nìyẹn. Haridasa Thakura, ẹni mímọ́ ayé àtijọ́, tó ń ka orúkọ Ọlọ́run 300,000 lójúmọ́, jíìmù wo ló lọ? Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fúnra wa.

Agba_Ajara

Onirin ọmọ mi, fara balẹ̀, má fi nǹkan kan sílẹ̀ ná. Àgbádárìgì níbí ni mo wà, ojú mi ti rí díẹ̀ lọ́nà yìí. Dasa, ọ̀rọ̀ tó o sọ wà nínú ìwé, àmọ́ òmíràn ṣì wà nínú ìwé.

Ṣó o mọ ìtàn Sanatana Goswami? Mínísítà ọba Bengal ni tẹ́lẹ̀, ó fi ipò àti owó sílẹ̀ ó tẹ̀lé Chaitanya, olùkọ́ ńlá tí ọ̀nà wa yìí ti wá. Ó wá fẹsẹ̀ rìn gba igbó Jharikhanda lọ bá a nílùú Puri ní Íńdíà, lọ́nà ibẹ̀ omi burúkú ló ń mu, ìgbà míì kò jẹun, bí egbò àti yúnyún ṣe bo gbogbo ara ẹ̀ nìyẹn, ó ń ṣomi. Ó wo ara ẹ̀ pé ara yìí ò wúlò mọ́, ló bá pinnu pé lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń fa kẹ̀kẹ́ ńlá Jagannath, ère Krishna tó wà ní Puri, òun á bọ́ sábẹ́ ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ kóun kú síbẹ̀. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni o. Chaitanya ló ṣáà mọ̀, tó wá bá a wí. Ohun tó sọ fún un ni pé ara tó o fẹ́ pa yẹn kì í ṣe tìẹ mọ́, o ti fi fún mi, èmi ni mo ni ín, báwo lo ṣe máa ba ohun olóhun jẹ́, iṣẹ́ tí mo fẹ́ fi ara yẹn ṣe pọ̀. Ó sì ń dì mọ́ ọn báyìí, omi egbò ń kan òun náà lára, Sanatana ń sá sẹ́yìn, ó ń fà á mọ́ra. Chaitanya-charitamrita, Antya-lila orí kẹrin, ẹ lọ kà á. Ara tí wọ́n fẹ́ jù sábẹ́ kẹ̀kẹ́ yẹn náà ló padà lọ sí Vrindavan, ibi tí Krishna ti dàgbà, tó ń wá àwọn ibi mímọ́ tó ti sọnù kiri, tó ń kọ̀wé.

Torí náà ọ̀rọ̀ pé ara kì í ṣe àwa, òótọ́ ni, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n ara tí kì í ṣe tèèyàn gan-an lèèyàn ń tọ́jú jù, torí ẹni tó ni ín á bi í. Prabhupada tẹ́ ẹ ń dárúkọ, 1896 ni wọ́n bí wọn, 1965 ni wọ́n wọ ọkọ̀ ẹrù Jaladuta lọ sí Amẹ́ríkà, ẹ bá mi ṣírò ọjọ́ orí wọn, àìsàn ọkàn kọlù wọ́n lẹ́ẹ̀mejì lójú omi. Lẹ́yìn ẹ̀, ibi yòówù tí wọ́n bá dé wọn kì í fi ìrìn àárọ̀ wọn ṣeré, etí òkun Juhu ní Mumbai, etí òkun ní Los Angeles, wọ́n ń rìn, wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ, ìlẹ̀kẹ̀ wà lọ́wọ́. Ẹ má sọ fún mi pé ìrìn yẹn ìjọsìn ẹran ara ni.

Dasa_Ijede

Ẹ ṣeun bàbá, mo dọ̀bálẹ̀, mo gba ti Sanatana tọkàntọkàn. Àmọ́ ìtọ́jú ara lọ́tọ̀, jíìmù lọ́tọ̀. Èmi náà ti wọ jíìmù rí. Dígí ló yí gbogbo ògiri ká. Ẹni tó bá gbé irin tán á fún ikùn mọ́ra, á ká apá, á gbé fóònù sókè, á ya fọ́tò, á ní iná ò dáa, á sún sápá ibòmíràn, á tún òmíràn yà, á wá jókòó sórí bẹ́ǹṣì á máa wo èyí tó gbé apá ẹ̀ tóbi jù nínú ẹ̀, ẹni tó fẹ́ lo bẹ́ǹṣì sì dúró tì í. Ìyẹn ni àgbà yẹn ń bá wí, kì í ṣe irin. Ẹ bi Onirin wò bóyá mo parọ́.

Onirin_Epe

😂😂 Ẹ̀gbọ́n Dasa ẹ má pa mí. Ẹ ò parọ́ o.

Alhaji_Marina

Ẹ kú àsọyé. Mùsùlùmí ni mí, ẹ má bínú, mo kàn ń ka ọ̀rọ̀ yín lọ ni. Kò sí ẹja? Ní Ẹ̀pẹ́ yìí? Onirin, tó o bá ń kọjá lọ́jà Olúwo ṣé ṣe lo máa ń dijú ni? Ẹ dákun ẹ jẹ́ kí nǹkan kan yé mi, àwa tiwa, ìrun márùn-ún lójúmọ́, rákà 17 tó jẹ́ ọ̀ranyàn nìkan là ń kà yìí, rúkúù wà níbẹ̀, sùjúdù méjì wà nínú rákà kọ̀ọ̀kan, ara ń jọ́sìn, ọkàn ń jọ́sìn, bàbá arúgbó àdúgbò wa ń dìde ó ń jókòó nítorí ìrun. Tiyín yìí ṣé ẹ kàn máa ń jókòó máa ka ìlẹ̀kẹ̀ ni, tí ọ̀rọ̀ eré ìdárayá fi dìjà?

IyaTulasi_Ikd

Alhaji wa, ẹ káàbọ̀, a kì í jókòó lásán o. Tá a bá dé iwájú pẹpẹ, àwọn ọkùnrin á dọ̀bálẹ̀ gbalaja, àyà kanlẹ̀, apá nà síwájú, bí ẹ ṣe ń dọ̀bálẹ̀ fún bàbá ìyàwó yín gẹ́lẹ́, àwa obìnrin á kúnlẹ̀ a ó fi orí kanlẹ̀. Ní Íńdíà òkè kan wà tí wọ́n ń pè ní Govardhan, ó tó kìlómítà 21 kéèyàn tó yí i ká, ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń fẹsẹ̀ lásán rìn ín, àwọn kan sì wà tó jẹ́ pé ìdọ̀bálẹ̀ ni wọ́n fi ń yí i po, wọ́n á nà sílẹ̀, wọ́n á sàmì síbi tí ọwọ́ wọn dé, wọ́n á dìde dé ojú àmì yẹn, wọ́n á tún nà sílẹ̀. Ẹ fi kìlómítà 21 rò ó kẹ́ ẹ wá sọ fún mi pé àwọn yẹn ò lágbára. Kírítánì ńkọ́, orin orúkọ Ọlọ́run tá à ń jó sí? Ẹni tó gbé ìlù mridanga kọ́rùn tó ń lù ú tó ń jó fún wákàtí kan, Alhaji, ẹ gbé e wò lẹ́ẹ̀kan péré.

Ká wá sórí oúnjẹ torí ibẹ̀ ni Onirin ti ń jìyà, mo sì mọ̀ pé kì í ṣe irin ló ń mú apá ẹ̀ joro, ìrẹsì òfìfo ló ń jẹ. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́mọkùnrin tó bá wọlé sọ́dọ̀ wa, wọ́n á yọ ẹran kúrò nínú ọbẹ̀, wọn ò ní fi nǹkan kan rọ́pò, wọ́n á máa jẹ ẹ̀bà pẹ̀lú ọbẹ̀ ata, lẹ́yìn oṣù díẹ̀ wọ́n á ní Krishna ò jẹ́ káwọn lókun. Ẹ̀wà ńkọ́? Gbẹ̀gìrì ńkọ́, mọ́ínmọ́ín, àkàrà, ẹ̀gúsí, wàrà sóyà tí wọ́n ń dín tà lójú títì? A kì í fi àlùbọ́sà àti aáyù sí i, ìyẹn ló máa ń dààmú àwọn ará ilé wa jù, pé mọ́ínmọ́ín wo ni kò ní àlùbọ́sà, kò lẹ́yin, kò lẹ́ja. Ẹ lọ ẹ̀wà yín kúnná, ẹ fi tàtàṣé sí i dáadáa, atalẹ̀ tútù tẹ́ ẹ rin, ìrú díẹ̀ tẹ́ ẹ gún, epo tàbí òróró, kẹ́ ẹ fi omi gbígbóná pò ó kẹ́ ẹ pọ́n ọn sínú ewé. Ẹ má tọ́ ọ wò o, Krishna ló ń kọ́kọ́ jẹ ẹ́, ẹ gbé e síwájú pẹpẹ kẹ́ ẹ tó jẹ. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni mo máa ń sè é tà ládùúgbò, àwọn tí ò mọ̀ pé kò sẹ́ja nínú ẹ̀ ló ń rà á jù.

Igbala_Lofe

Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá ẹ ronú o, òrìṣà Íńdíà lẹ ń sìn yìí, yoga kọ́ ni kéèyàn fi sílẹ̀?

Agba_Ajara

Ọ̀gá, a dúpẹ́, Ọlọ́run kan ṣoṣo là ń pè, orúkọ tá a fi ń pè é ló yàtọ̀ sí tiyín. Ẹ bá wa dá sí ọ̀rọ̀ irin tẹ́ ẹ bá ń gbé e, tẹ́ ò bá gbé e ẹ lọ ní àlàáfíà.

Nurse_Agric

Ẹ jẹ́ kí n wá sórí ara fúnra ẹ̀ torí ibẹ̀ niṣẹ́ mi wà. Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, ní kí àgbàlagbà máa fi ìṣẹ́jú 150 sí 300 lọ́sẹ̀ ṣe eré ìdárayá tó mọ níwọ̀n, bíi kéèyàn máa yára rìn, kó sì tún fi ó kéré tán ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀ ṣe èyí tó ń mú iṣan lágbára. Irin tí Onirin ń gbé wọ inú ìyẹn, kò sí nǹkan àṣejù níbẹ̀ tó bá fi mọ sí ọjọ́ méjì mẹ́ta.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bá a jà gan-an ni àyà mi ń já fún. Ráùndì kan ń gba bí ìṣẹ́jú méje, 16 ẹ̀ ń lọ sí wákàtí méjì, ẹ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ gbogbo ẹ̀, ẹ tún tẹ ẹ̀yìn bíi pé ẹ ń wá abẹ́rẹ́, ẹ dìde tán ẹsẹ̀ kú, orúnkún ń ké, ẹ wá ní ọjọ́ orí ni. Ẹ ká aṣọ nípọn sábẹ́ ìdí kí ìbàdí ga ju orúnkún lọ. Krishna gan-an ò fi ọ̀rọ̀ ìjókòó ṣeré, orí kẹfà Bhagavad-gita ẹsẹ 11 dé 13, ó ní koríko kusha nísàlẹ̀, awọ àgbọ̀nrín, kí aṣọ wà lókè ẹ̀, kí ìjókòó má ga jù, kó má rẹlẹ̀ jù, kí ara, ọrùn àti orí wà lóòró gangan. Ẹni tí orúnkún ò bá gbà fún, kó dìde kó máa rìn ka ráùndì díẹ̀ nínú ẹ̀, ọwọ́ wà nínú àpò ìlẹ̀kẹ̀, ẹsẹ̀ ń rìn, ìyẹn ti wà nínú ìṣẹ́jú 150 tí mo sọ yẹn.

Nǹkan mẹ́ta míì kíá kíá torí mo fẹ́ wọ iṣẹ́ alẹ́. Ẹni tó lẹ́jẹ̀ ríru, má sé èémí tó o bá ń gbé irin, máa mí síta bó o ṣe ń tì í sókè. Ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà tó ń lo oògùn, má gbààwẹ̀ Ekadashi láìjẹ́ kí dókítà mọ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ò jẹ ẹran, ẹja, ẹyin, ẹ má fi wàrà àti mílíìkì ṣeré, fítámì B12 ò sí nínú ewébẹ̀, àìtó ẹ̀ máa ń fa àìtó ẹ̀jẹ̀ àti kí ọwọ́ ẹsẹ̀ máa ta èèyàn jìnnìjìnnì, kì í sì í tètè fojú hàn.

Coach_Igbogbo

Nọ́ọ̀sì ti gba gbogbo ẹ̀ tán lẹ́nu mi. Èmi ń kọ́ àwọn èèyàn ní eré ìdárayá, mo sì ń ka ìlẹ̀kẹ̀, ẹ jẹ́ n fi tèmi kún un.

Japa, ìyẹn kíka ìlẹ̀kẹ̀, ló ń ṣáájú. Kì í ṣe torí pé irin lẹ́ṣẹ̀, àmọ́ tó o bá kọ́kọ́ gbé irin, tó o jókòó sí ìlẹ̀kẹ̀, á rẹ̀ ọ́, oorun á gbé ọ lọ, ẹnu á máa sọ Hare Krishna, orí á máa mì. Ní tẹ́ḿpìlì, agogo 4:30 ìdájí ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ àratì, ìjọsìn iwájú pẹpẹ, àkọ́kọ́, ẹ̀yìn ẹ̀ ni japa, àárọ̀ kùtù tí jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò ò tíì dún. Ka ìwọ̀n tó o bá lè kà, ó kéré tán kó ju ìdajì lọ, mu omi, lọ gbé irin, wẹ̀, jẹun. Èyí tó bá kù nínú ráùndì, fi ìrìn parí ẹ̀ nírọ̀lẹ́, Marínà tó o ti ń sáré yẹn dáa fún un.

Àwọn kan máa ń sọ pé àwọn ń ka mantra bí àwọn ṣe ń gbé irin, mi ò gbà fún wọn. Gbogbo iṣẹ́ japa ni pé kí etí ẹ gbọ́ orúkọ tí ẹnu ẹ ń pè. Ẹni tí irin kìlógíráàmù 80 wà lórí àyà ẹ̀, kí irin yẹn má bọ́ lù ú ló wà lọ́kàn ẹ̀, kò gbọ́ nǹkan kan. Kírítánì sí etí nípasẹ̀ fóònù, kò burú, ó sàn ju orin tí wọ́n ń pariwo sí wa létí ní jíìmù lọ. Àwọn tó tún ń bẹ̀rù Surya Namaskar (ìkíni oòrùn), ìgbésẹ̀ 12 yẹn, pé oòrùn làwọn máa bọ, ọba Aundh ní Íńdíà ló gbé e lárugẹ láàárín àwọn ọdún 1920 bí eré ìdárayá, tó ní káwọn ọmọ iléèwé máa ṣe é. Tó o bá fẹ́, ṣe é, tó ò bá fẹ́, na ara ẹ bó ṣe wù ẹ́.

Ẹ̀gbọ́n Dasa, ẹsẹ tó ń tọ́ mi sọ́nà lórí ọ̀rọ̀ yìí ni Gita 6.16 àti 17, pé kò sí yoga fún ẹni tó ń jẹ àjẹjù tàbí tí kì í jẹun, ẹni tó ń sùn jù tàbí tí kì í sùn, pé ẹni tó bá fi ìwọ̀n jẹun, tó fi ìwọ̀n ṣiṣẹ́, tó fi ìwọ̀n sinmi, ni yoga ń mú ìrora kúrò fún. Mo wò ó títí, mi ò rí ibi tó ti yọ eré ìdárayá sílẹ̀.

Dasa_Ijede

Coach, mo ti gbọ́. Ṣùgbọ́n orí kẹfà yẹn kan náà tí ẹ̀yin àti Nọ́ọ̀sì ń kà fún mi, ẹ kà á dé ìparí. Lẹ́yìn gbogbo ọ̀rọ̀ ìjókòó, ọ̀rọ̀ oúnjẹ, ọ̀rọ̀ oorun, ẹsẹ 47 ló fi kádìí ẹ̀, pé nínú gbogbo àwọn yogi, ẹni tó fi ìgbàgbọ́ sìn mí, tí ọkàn ẹ̀ wà lọ́dọ̀ mi, òun ló ga jù. Kò ní ẹni tí ẹ̀yìn ẹ̀ gún jù. Níwọ̀n ìgbà tí japa bá ti ń ṣáájú, tí ara tí irin kọ́ yẹn sì ń ṣiṣẹ́ nínú tẹ́ḿpìlì, mi ò bá yín jà mọ́. Torí Sọ́ńdè tá a bá ní ká gbé ìkòkò ìrẹsì ńlá kúrò lórí iná, àwọn ọmọ jíìmù yìí kan náà là ń wá tì. Wọ́n á ti lọ.

IyaTulasi_Ikd

Ehn! Ẹ bá mi sọ fún wọn. Àti ilẹ̀ fífọ̀. Ẹní tó pọ̀ báyẹn, àwa ìyá ló ń ká a.

Onirin_Epe

Ẹ ṣeun gan-an gbogbo yín, mo ti ka gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ìdájí ni japa báyìí, irin á bọ́ sí Mọ́ńdè, Wẹ́sìdeè àti Fúráídè, ẹni tó bá ní ìkòkò láti gbé ní Sọ́ńdè kó pè mí, mo wà níbẹ̀. Mo tún ní ìbéèrè kan ṣá. Ekadashi tó ń bọ̀ bọ́ sí ọjọ́ tí mo máa ń fi irin ṣe ẹsẹ̀, ọjọ́ yẹn ló sì ń gba okun jù. Mi ò gbọ́dọ̀ jẹ ẹ̀wà lọ́jọ́ yẹn, mi ò gbọ́dọ̀ jẹ ìrẹsì, búrẹ́dì, àgbàdo. Kí ni mo fẹ́ jẹ gbé irin?

Coach_Igbogbo

Sún ọjọ́ ẹsẹ̀ síwájú. Ekadashi ò ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ lóṣù, ọjọ́ kọkànlá lẹ́yìn òṣùpá tuntun àti ọjọ́ kọkànlá lẹ́yìn òṣùpá kíkún, iṣan ò ní tìtorí ìyẹn sá lọ. Rìn, na ara, ka ìlẹ̀kẹ̀ sí i. Tó o bá gba èyí tí wọn kì í tiẹ̀ mu omi, má fọwọ́ kan irin rárá.

IyaTulasi_Ikd

Iṣu, ọ̀dùnkún, ọ̀gẹ̀dẹ̀, gààrí, gbogbo ẹ̀ ṣeé jẹ lọ́jọ́ náà, kì í ṣe ọkà. Bàbá Ajara á sọ fún ẹ pé àgbọn pọ̀ lọ́dọ̀ wọn, rẹ gààrí, fi àgbọn tútù sí i. Ti èyí tó ń gbé iṣan ró, wàrà àwọn Fúlàní ni kó o wá, ewé bòmubòmu ni wọ́n fi ń mú un dì, kò sí nǹkan ẹran níbẹ̀. Dín in pẹ̀lú iyọ̀ àti ata díẹ̀. Má rà á lọ́wọ́ ẹni tó ń dín in nínú òróró tó ti fi dín ẹja, Ẹ̀pẹ́ lo wà, bi wọ́n léèrè dáadáa.